Bàbá Onílé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí kò bá tíì gbé ilé face-me-I-face-you rí, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé òun mọ ohun tí à ń pè ní àjọgbé. Èmi gbé e. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wà nínú iyàrá kan ní Múṣín: ayálégbé mẹ́wàá, ẹ̀rọ omi kan, ilé ìdáná kan, mítà iná kan. Olúkúlùkù wa ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, olúkúlùkù wa ló sì ń sọ pé “ilé mi” bó bá ń júwe ibi tó ń gbé fún àlejò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, tí garawa mẹ́wàá bá tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, nígbà náà lojú á wálẹ̀, tí kálukú á mọ̀ pé ilé onílé lòun wà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ má bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Múṣín nítorí pé ẹni tó bá lóye ilé yẹn ti lóye ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé, ló mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé kan sílẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá, n’Íbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú ilé náà tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ni Káyọ̀dé ti ń ṣe iṣẹ́ géèmù. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, pádì mẹ́jọ àti bẹ́ǹṣì. Àwọn ọ̀dọ́ á wá, wọ́n á sanwó, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, wọ́n á pariwo, wọ́n á lọ sílé. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń jẹun níbẹ̀, ó sì ń fún ìyá rẹ̀ lówó ọbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 480 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì dúró síbẹ̀. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ró láti ọ̀sán di alẹ́. Lọ́jọ́ tí NEPA bá ṣe tiwọn, lítà mẹ́wàá ni ọmọ náà ń dà sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè, nígbà tó jẹ èrè tán, ó dojú kọ owó.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Obìnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì fẹ́ san owó ọdún méjì sílẹ̀.

“Ọkọ mi,” ló wí, “ẹ bá mi pe ọmọ yín. Òrùlé tí ẹ̀gbọ́n yín kàn ti ń jò. Garawa mẹ́ta ni mò ń gbé sílẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Owó òrùlé ni mò ń wá, kì í ṣe ibi tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ á ti máa pariwo góòlù títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Òrùlé tó ń jò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹjọ́ náà di tèmi, nítorí èmi ni àgbà tó kù nínú ilé. Mo pe Káyọ̀dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Bàbá Kékeré, ẹ bá mi bẹ Mọ́mì, kí wọ́n fún mi lóṣù mẹ́ta péré. Mo fẹ́ ta kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n fi owó rẹ̀ ra ẹyọ kan.”

“Kí ẹni mẹ́rin wá máa fi kí ni gbá bọ́ọ̀lù?”

“Ẹyọ kan náà ni sà. Òun ló máa di mẹ́rin.”

Mo wo ojú ọmọ náà dáadáa, bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Àwọn àgbà tó bí wa ló sọ pé ọba kì í pé méjì láàfin. Báwo ni mẹ́rin ṣe fẹ́ pé sínú àpótí kan? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo bá a bẹ ìyá rẹ̀, ìyá fún un lóṣù mẹ́ta, obìnrin olóògùn sì gbà láti dúró.

Káyọ̀dé lọ sí Computer Village n’Íkẹjà, ó ra tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ń ya pánẹ́ẹ̀tì ilé máa ń lò lókè òkun. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọpọlọ 16 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ GB 64. Ó wá ra graphics card ńlá kan tì í. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, àwòrán yíyà ni olórí iṣẹ́ káàdì yìí nínú géèmù: gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ ayò, gbogbo koríko pápá, gbogbo òjìji, òun ló ń yà wọ́n.

Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Mo ní kó sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó yéé pe orúkọ kiri. Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Bàbá Kékeré, ẹ rántí ilé tí ẹ gbé ní Múṣín?” Bí ọ̀rọ̀ ṣe yé mi nìyẹn.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní hypervisor. Òun ni bàbá onílé. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gé ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn sí iyàrá mẹ́rin: ọpọlọ mẹ́ta àti GB 12 fún iyàrá kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ọpọlọ mẹ́rin àti GB 16 sílẹ̀ fún ara rẹ̀, nítorí onílé náà ní láti rí ibi sùn. Iyàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní virtual machine. Windows tó wà nínú iyàrá kìíní kò mọ̀ pé òun ní aládùúgbò. Ó rò pé odidi kọ̀ǹpútà ni wọ́n rà fún òun. Bí ti iyàrá kìíní bá dákú, tí ó ní kí wọ́n tún òun tàn, àwọn mẹ́ta yòókù ń bá eré wọn lọ, wọn kò tilẹ̀ gbọ́.

Mo rò pé ọgbọ́n àná ni. Kì í ṣe ọgbọ́n àná rárá. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ IBM ti ń dán an wò ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts l’Ámẹ́ríkà. Ní 1972 wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní VM/370 jáde. Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà kan lè kún iyàrá, owó rẹ̀ sì tó owó tí wọ́n fi ń kọ́ odidi àdúgbò. Ta ló fẹ́ ra méjì? Ọ̀wọ́n gógó ló bí ọgbọ́n náà nígbà yẹn, ọ̀wọ́n gógó náà ló tún gbé e wọ Òkè-Bọ́lá.

Ní 1974, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Gerald Popek àti Robert Goldberg, jókòó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ tí irú onílé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Èkíní, ohunkóhun tí ayálégbé bá ṣe nínú iyàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí bákan náà bí ẹni pé odidi ilé ni ó ni, àfi bóyá kó yára díẹ̀ tàbí kó falẹ̀ díẹ̀. Èkejì, onílé ni kó máa ṣe àkóso gbogbo ohun ìní ilé. Ayálégbé kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọn kò fún un. Ẹ̀kẹta, onílé kò gbọ́dọ̀ máa dá sí gbogbo nǹkan: èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayálégbé gbọ́dọ̀ lọ tààrà sórí prọ́sẹ́sọ̀ láì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀kẹta yìí, ẹ̀rín pa mí. Onílé wa ní Múṣín ìbá ti fìdí rẹmi. Bàbá yẹn á bi ọ́ irú ọbẹ̀ tí ò ń sè.

Àwọn prọ́sẹ́sọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò pé ojú òṣùwọ̀n yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọgbọ́n inú ni ilé iṣẹ́ VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, fi lọ yí i po. Ìgbà tó di 2005 ni Intel kọ́ ọ mọ́ inú prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, AMD ṣe tiwọn ní 2006. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tó wà lójú ọjà lè gba àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹ̀rọ omi. Iyàrá rọrùn láti pín, omi ló ń dá ìjà sílẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì ayàwòrán ni ẹ̀rọ omi. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe tipẹ́ ni pé wọ́n á gbé odidi káàdì lé ayálégbé kan lọ́wọ́, onílé á sì yẹra. Linux ti ní ọ̀nà tó dára fún un láti 2012. Ṣùgbọ́n ayálégbé mẹ́rin á gba káàdì mẹ́rin, èrè wo ló wà nínú ìyẹn fún ẹni tó ń sá fún owó epo? Àwọn tó ń ṣe káàdì pàápàá kì í fẹ́ kí ènìyàn fi káàdì olówó pọ́ọ́kú ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n ní olówó gọbọi tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ètò tó ń darí káàdì ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé, títí di 2021, bó bá ti fura pé inú virtual machine lòun wà, ṣe ló máa kọṣẹ́.

Ọ̀nà tí Káyọ̀dé gbà ni pípín káàdì kan fún gbogbo ilé, èyí tí Hyper-V ti Microsoft ń jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n fi ayùn gé káàdì o. Àsìkò ni wọ́n ń pín. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ geere lójú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán 60 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ẹ̀rún 1,000, àwòrán kan kò ní tó ẹ̀rún 17. Bí káàdì bá lágbára tó láti ya àwòrán kan láàárín ẹ̀rún mẹ́rin, á ya ti Àkàndé, á ya ti Súlè, á ya ti Émeka, á ya ti ẹni kẹrin, ẹ̀rún 17 kò sì ní tíì pé tí á tún padà sọ́dọ̀ Àkàndé. Olúkúlùkù á rò pé tòun nìkan ni káàdì ń ṣe. Ṣùgbọ́n mẹ́mórì tó wà lórí káàdì ní tirẹ̀ kò ṣeé fi àsìkò pín: ohun tí o bá kó síbẹ̀ ti gba àyè, bí ẹrù tí ayálégbé kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àpótí kékeré kan wá wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba àwòrán láti ojú wáyà, kó sì kó ohun tí ọmọ bá tẹ̀ lórí pádì padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ńlá. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n gbá a. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé kọ̀ǹpútà wọn dà.

Wàhálà àkọ́kọ́ dé lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ṣí eré ogun kan tó kún fún òjò, èéfín àti òjìji, ó sì gbé gbogbo ẹwà rẹ̀ dé góńgó. Bí àwọn mẹ́ta yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tiro nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ ayò á gbé ẹsẹ̀ sókè, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. “Ẹ̀rọ yìí ń yan àwọn kan jẹ!” ni ariwo tó sọ. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lágbàáyé mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò aláriwo ni wọ́n ń pè é. Káyọ̀dé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi òfin sí i: àwòrán 60 ni ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí àfikún, ẹwà eré kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n àárín. Ó kọ ọ́ mọ́ ògiri. Ariwo rọlẹ̀.

Àwọn eré kan sì wà tí kò gbà rárá. Àwọn tó ṣe wọ́n ń ṣọ́ àwọn ojúkòkòrò tó ń fi màgòmágó gbá a, nítorí náà bí eré wọn bá ti rí i pé iyàrá àyágbé lòun wà, kò ní ṣí. Káyọ̀dé pàdánù oníbàárà bíi mélòó kan níbẹ̀. Kò ṣeé yí padà.

Àwọn tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún náà ń wá o. Wọn kò fẹ́ eré tuntun. Èyí tí wọ́n gbá nígbà èwe lórí PlayStation 2, tó jáde ní 2000, ni wọ́n ń béèrè. Ó lé ní 150 mílíọ̀nù irú ẹ̀rọ náà tí Sony tà lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ló sì ti bàjẹ́. Níhìn-ín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ayálégbé tí mo ti ń sọ bọ̀ gbọ́ èdè ilé, tààrà ló ń bá prọ́sẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀. PlayStation 2 kò gbọ́ èdè kan náà. Ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín, kó máa túmọ̀ gbogbo gbólóhùn. Ògbufọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní emulator. PCSX2 ni orúkọ ti PlayStation 2. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju MB 32 lọ fi ń mú kọ̀ǹpútà GB 64 làágùn. Kì í ṣe iṣẹ́ ló le, ìtumọ̀ ló ń jẹ àsìkò.

Ìyá Káyọ̀dé béèrè ohun tí èmi náà fẹ́ béèrè: “Ṣé olè kọ́ nìyẹn?” Ìbéèrè gidi ni. Ní 1999, ilé iṣẹ́ Connectix ṣe ẹ̀rọ àfarawé PlayStation kan fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Sony pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan l’Ámẹ́ríkà dá Connectix láre: kíkọ́ bí ẹ̀rọ ẹlòmíì ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ènìyàn lè ṣe tirẹ̀ kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ní 2024, àwọn tó ṣe Yuzu, tó ń farawé ẹ̀rọ Switch, gbà láti san 2.4 mílíọ̀nù dọ́là fún Nintendo, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì. Mo sọ fún Káyọ̀dé pé àwo tí ó bá fowó ara rẹ̀ rà nìkan ni kó máa lò. Ó ní òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kó páálí wọn jáde, mo kà á.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn olówó náà ń ṣe ohun tí ọmọ wa ń ṣe. Xbox One tí Microsoft gbé jáde ní 2013, inú virtual machine ni eré ń gbé nínú rẹ̀, ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà ní iyàrá kejì, onílé wà lókè wọn. Ẹni tó rà á lè má mọ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé dídùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu, oòrùn mú, ẹ̀rọ ńlá gbóná kọjá ààlà, ó sì pa ara rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta á kù. Lọ́jọ́ yẹn, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wó lẹ́ẹ̀kan náà. Káyọ̀dé dá owó padà fún gbogbo wọn, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wákàtí tó ń pawó jù. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí. Òun ni n kò lè dáhùn. Ohun tí a bá jọ fẹ̀yìn tì, bó bá yẹ̀, gbogbo wa la jọ ń ṣubú. Ọmọ náà tú u palẹ̀ lóru, ó gbọn eruku rẹ̀, ó pààrọ̀ fáànù méjì, ó sì gbé e kúrò nídìí ògiri tí oòrùn ń pa. Kò tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a ṣí ìwé ìṣirò. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ti di títà, kékeré ló kù. Lítà mẹ́wàá ti di márùn-ún. Èrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n èrè ni. Òrùlé ńkọ́? Ó ṣì ń jò. Bí mo bá dá Káyọ̀dé láre, obìnrin yẹn á máa gbé garawa. Bí mo bá dá ìyá láre, iṣẹ́ ọmọ parí, ẹ sì mọ ọ̀nà tí ọmọkùnrin tí kò níṣẹ́ lè tọ̀ nígboro. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin, tábìlì mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ ńlá kò sí mọ́, tẹlifíṣọ̀n lè rọ̀ mọ́ ògiri, ìdajì ṣọ́ọ̀bù sì tó òun. Kí wọ́n gé e sí méjì.

A pe káfíńtà. Pákó pẹlẹbẹ ló fi dí i láàárín. Obìnrin olóògùn gba apá tó kọjú sí kọ̀rọ̀ títì, ó san owó ọdún méjì lórí èyí tó gbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wá sọ pé ariwo góòlù ń dí àwọn oníbàárà òun lọ́wọ́. Káyọ̀dé ra ohun ìgbọ́rọ̀ alágbèésétí mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ wá ní kí òun náà máa san owó ilé lóṣooṣù bíi ti obìnrin yẹn, nítorí pé òfin kan ni fún gbogbo ayálégbé. Ó wo ojú mi, ó retí pé kí n gbèjà rẹ̀. N kò gbèjà rẹ̀. Ó ń san án.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti gbọ́ ọ rí pé ìfẹ́ ló ń mú kí ohun kan ṣoṣo ká ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìfẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni òṣùwọ̀n: kí ìpín hàn, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, kí àgbà tó ń pín in má ṣe fi ọwọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíì, kí ó sì gé tirẹ̀ náà sí ìwọ̀n. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fi géèmù jókòó láti àárọ̀, ẹ bá a wí, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tó ń ṣe nídìí ẹ̀rọ náà, bóyá ó ń gbá a ni, tàbí ó ń tú u wò.

Apá iwájú òrùlé Òkè-Bọ́lá ti gba páànù tuntun. Apá ẹ̀yìn ṣì kù. Garawa kan ló kù tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé sílẹ̀ báyìí.